Ohùn Màmá Rẹ Nínú Ìpolówó Fóòmù

Ilé Alhájì Hàrúnà Onífóòmù,
Ìgandò, Alímọ̀ṣọ́, Èkó.

Raheemat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Rídwàn, ọmọ ọmọ mi tí ojú mi kò tíì rí. Kí òtútù Jámánì má ṣe yín ní jàǹbá. Tí o bá bèèrè mi, ara le, ọkàn ni kò gbádùn.

Mo rí ohun tí o kọ sí Nasir àbúrò rẹ, pé kí a yọ ìpolówó màmá rẹ kúrò lórí fóònù. O ní bí Rídwàn bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ló máa ń jẹ́ "Mà!", ẹ̀rù sì ń bà ọ́, nítorí pé bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́. Òtítọ́ ni. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

O kò sí nílé nígbà tí ìpolówó náà bẹ̀rẹ̀. Èmi Hàrúnà tí n kò kàwé kọjá íńfáǹtì, tí mo fi orí ru òwú àràbà kiri Ìkòtún títí mo fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ta ni yóò kọ́ mi ní ọjà títà? Nígbà tí Nasir ní kí a polówó lórí fóònù, mo wọ agbádá, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ gbogbo bí mo ṣe di èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò ra ìrọ̀rí. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Raheemat, ṣé fóòmù lẹ̀ ń tà ni àbí ara yín? Ẹ sún, jàre."

Ó jókòó lórí fóòmù, ó polówó bí ìgbà tí a ṣì ń kiri: "Ẹ wá sùn, ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn! Oorun olówó rèé o, mẹ̀kúnnù náà lè rà á!" Ó wá fi èdè Jámánì parí rẹ̀: "Rídwàn, mò ń dúró dè ọ́, wá." Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ìró kan wà nínú èdè náà tó dà bí ológbò tó ń bínú. Kó tó mọ̀ ọ́n pè, àràárọ̀ ló ń fẹ́ ẹ sí mi létí, tí mo ń bi í pé, "Ta lò ń lé, ìyàwó?" Eré yẹn ló gbayé kan! Láti Ìdímù ni wọ́n ti ń wá ra fóòmù nítorí ìró ológbò.

Ó kú tán, n kò rántí pé ìpolówó kì í kú. Láìpẹ́ yìí, Ìyá Jésùtóbi kan wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó ní ìyá tó ń polówó lòun fẹ́ bá nájà. Mo ní ó ti kú, a ti ṣe fídáù rẹ̀. Ó wò mí. "Bàbá, ta ló wá pè mí láàárọ̀ yìí?" Raheemat, èmi tí ẹnu mi kì í kú níwájú kọ́sítọ́mà, ńṣe ni mo kọ̀yìn sí i, tí mo ń to ìrọ̀rí tí a ti tò tẹ́lẹ̀.

Mo ti rò ó títí. Bí òkú bá pe èèyàn, a kì í jẹ́. Ṣùgbọ́n ààyè ni màmá rẹ wà nígbà tó pe Rídwàn. Ìwé ìrìnnà yín kò tètè jáde, àìsàn kò sì dúró. Kì í ṣe ọ̀run ló ti pè é. Àwa la pẹ́ kí a tó jẹ́.

Màá ní kí Nasir yọ ìpolówó náà kúrò lójú ayé. Ohun kan ṣá ni mo bẹ̀ ọ́ kí ó tó yọ ọ́, èmi tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni: má pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Jẹ́ kó jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá gbé fóònù lọ sí ojú oórì màmá rẹ, kí ó gbọ́ pé ọmọ ti dáhùn.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó má jẹ́ kí ẹ tún pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń retí yín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn káàkiri Ìgandò,
Hàrúnà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: èmi náà ti ń kọ́ ìró ológbò yẹn. Eyín iwájú mi tó yọ kò jẹ́ kó dún, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò fi èdè ọmọ náà kí i káàbọ̀.