Ìdí Tí N Kò Fi Fọwọ́ Sí Ìwé Náà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà mi láti ọjọ́ yìí. Ibi tí mo ti ń kí yín yìí, òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, ṣùgbọ́n mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkàrẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo kí gbogbo ará ilé ní Ìwárò àti àwọn àbúrò Bàbá tó kù ní Ọ̀kà.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti inú ilé nìkan. Mo ti ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ ọmọ Àkókó tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, láti Àjọwá títí dé Ìṣùà. Ẹjọ́ mi náà sì ti jáde síta. Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà Ìkàrẹ́ pé Bọ́sẹ̀dé dé Amẹ́ríkà tán ni ìgbéraga wọ̀ ọ́, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé lásán. Ẹ̀yin náà, Màmá, ẹ sunkún sí mi létí lórí fóònù. Ẹ ní kí n má ba ara mi jẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Mo wá ń sọ ìdí rẹ̀ báyìí, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ arúgbó àti aláìlera ló ń dá gbé níbí, tí ọmọ wọn kò sí nítòsí. Àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ nínú wọn, ìjọba ló ń sanwó ìtọ́jú wọn. Ìjọba á san án fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ náà á gba irú wa, àwa á sì máa lọ láti ilé dé ilé. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń wọṣọ fún wọn, à ń se oúnjẹ, a sì ń rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọ́fíìsì ìlera ni mo wà. Ẹ má bá mi parọ́ mọ́. Ìdí arúgbó ni mò ń fọ̀, n kò sì tijú.

Ìjọba tó ń sanwó yìí ṣe òfin kan. Kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n là á lọ́yẹ̀: ẹ̀tọ́ tí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ní nínú ilé ara rẹ̀, bí kò ṣe ní kó àrùn ràn án, bí yóò ṣe gbé e jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹni tó máa pè bó bá rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ gangan tó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́: bí a ṣe ń gbé èèyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, bí a ṣe ń yí ẹni tí kò lè dìde kí ara rẹ̀ má ba à di egbò, bí a ṣe ń fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa lóúnjẹ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sanwó àwọn ọjọ́ náà fún wa bí ọjọ́ iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á tán, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkẹyìn, níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ lè pè sí.

Àwa mọ́kànlá ni wọ́n pè sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé kan. Ọ̀gá wa, Missis Dáyánà, tan fíìmù kan fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n. A wò ó fún bí ìdajì wákàtí, ó pa á, ó sì pín ìwé káàkiri. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé a ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ tán, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà á, títí kan bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. N kò tíì fojú kan ẹ̀rọ náà rí. Mo nawọ́ sókè, mo bi í pé ọjọ́ wo la máa kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a ó kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, pé òṣìṣẹ́ kò tó, àwọn arúgbó sì ti ń dúró. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má kọ ọ́ pé a ti kọ́ ọ.

Ẹni tó jókòó tì mí ni Wanjírù, ọmọ Kéńyà tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé òun ní ọmọ méjì nílé tó ń retí oúnjẹ. Ó fọwọ́ sí i. N kò bá a wí. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù náà fọwọ́ sí i. Missis Dáyánà wá dúró tì mí, ó ní ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ kò sí fún un. Mo gbé bírò rẹ̀ lé orí ìwé náà, mo wọ kóòtù mi, mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà nínú yàrá. Òjò ni mò ń wò lójú fèrèsé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí Wanjírù fi máa dé. Ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá mi pè, tí wọ́n ní ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ni. Mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nílé gan-an ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí.

Ẹ rántí ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá, tí a gbé wọn dé láti ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ó ṣe máa gbé wọn. Màmá ti lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin di apá ọ̀tún mú, èmi di apá òsì tó ti kú mú, a ka ení, èjì, a fà wọ́n dìde lórí ẹní. Mo gbọ́ ìró nǹkan nínú èjìká wọn. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ojú lásán ni wọ́n fi wò mí. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan apá yẹn mọ́ títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí Màmá dé, tí wọ́n bèèrè, a ní àìsàn náà ló fà á. Màmá, àwa la fà á. A kò ṣe é tìkàtìkà, a kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ẹ dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ẹ wá rí i, irú èmi yìí ni ẹ ní kí n fọwọ́ síwèé pé mo mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Wanjírù dé lọ́sàn-án. Wọ́n rán an lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà kan tó ń jẹ́ Rúùtù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ló fẹ́ fi gbé e. Ó so okùn kan dáadáa, kò so ìkejì dáadáa, Màmá Rúùtù sì yọ̀ ṣubú, ó fi ìbàdí gbálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Missis Dáyánà ti mú ìwé yẹn jáde. Ó ní wọ́n ti kọ́ Wanjírù, Wanjírù fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ó lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Mo mú ìwé pẹlẹbẹ mi, mo ní mo fẹ́ pe nọ́ńbà ìjọba. Wanjírù bẹ̀ mí pé kí n má pè é, pé wọ́n á tún fi òfin mú òun fún irọ́ tí òun fọwọ́ sí. Mo ní bí a bá dákẹ́, ẹlòmíràn ló máa ṣubú lọ́la. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ńbà náà fún mi. Ọkùnrin kan ló gbé e. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ náà lè lé mi. Mo ní wọ́n ti lé mi tán.

Àwọn méjì wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n pe àwa mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́ta péré ló sọ òtítọ́, Wanjírù wà níbẹ̀. Mẹ́ta náà tó. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ́ gbogbo wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sanwó gbogbo ọjọ́ náà, kí wọ́n sì dá èmi àti Wanjírù padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá Rúùtù kò padà sílé rẹ̀ mọ́, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n gbé e lọ. Ìyẹn dùn mí títí dòní. Ká ní mo tètè pe nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ Ajé tí mo jáde, bóyá kò ní ṣubú. Ohun kan ṣoṣo tí mo kábàámọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ wa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹ̀rọ náà gbé èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti fi gbé onítọ̀hún fúnra rẹ̀ rí. Wọ́n so mí sínú aṣọ ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé mi sókè, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Èmi tí mo ń ru igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ látorí àpáta Ọ̀kà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú, n kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó kọ́ wa ní bí a ṣe ń gbé ẹni tí apá rẹ̀ kan ti kú. Ó ní a kì í fa apá náà rárá, torí èjìká náà kò ní agbára tó máa fi di ara rẹ̀ mú mọ́. Mo jáde lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo sì padà wọlé lọ kọ́ èyí tó kù.

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ti dára. Missis Dáyánà ṣì ni ọ̀gá. Ilé tó jìnnà jù ló máa ń fún mi, bọ́ọ̀sì méjì ni mò ń wọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tí a jọ ṣe ẹ̀kọ́ náà kì í kí mi. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò lè tó ti àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bi Màmá ní ìdí rẹ̀, èmi ni kí wọ́n bi. Ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá kọ́ yín, ẹ ní wọn kò kọ́ yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí ẹ pè mí lórí fídíò, mo rí bí Bọ̀ọ̀dá àti Ìyàwó wa ṣe di apá Màmá mú lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n fà wọ́n dìde lórí àga, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ má ṣe é mọ́. Ẹ jẹ́ kí Màmá sún síwájú lórí àga, kí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Kí ẹ gbá wọn mú níbàdí, kí wọ́n fúnra wọn dìde. Bó bá gba àkókò, ẹ dúró. Bí àlejò bá ń retí, kí ó máa retí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa ìyá mi lápá mọ́, ìbáà ṣe ọba ìlú ló wá kí wọn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí orúnkún yín lágbára, Màmá. Ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, ọmọ yín á tọ́jú yín, wọn á sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àtàwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi lọ́jà Ìkàrẹ́, ẹ kí àwọn náà dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Bọ́sẹ̀dé