Iná Pupa Tó Kú Nínú Oòrùn

Bàámi ọ̀wọ́n,

Bí iná bá kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé àìsàn ọkọ̀ ti lọ ni, àbí ó kàn dákẹ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn fún òru mẹ́rin. Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo kí Ìyá mi, mo kí Bùròdá Àkànní àti ìyàwó wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè, kí gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ nínú ẹbí wa gbọ́.

Òjò ti gba gbogbo ìlú Tamale níbí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ tó la àgbàrá kọjá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Dungu, tí iná oríṣiríṣi ń tàn lójú rẹ̀. Omi tó wọ ẹnu wáyà ló sábà ń fà á. Nítorí náà, àwa ríwáyà ibí, àwa tí à ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ní àṣà kan: a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu wáyà, a ó gbé ọkọ̀ sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Iná á kú, oníbàárà á dúpẹ́. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé oòrùn ni ọ̀gá mi.

Bẹ́ẹ̀ ni Hájíà Ràmátù ṣe gbé tirẹ̀ wá. Aránṣọ ni. Àdúgbò Changli níbí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì kún fún Haúsá. Ó ní kai, ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ òun ti di ewúrẹ́ ni, tó fi ń bẹ̀rù òjò? Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ẹ̀gbọ́n nílùú yìí.

Iná méjì ló tàn: ọ̀kan yẹ́lò, èkejì pupa, ti bíréèkì. Mo rí omi tó tan yẹ́lò lẹ́nu wáyà táyà iwájú, mo sì nù ún. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú nínú oòrùn, pupa náà kú. Mo sọ fún un pé omi kan náà ni, mo sì dá ọkọ̀ padà fún un. N kò ṣí ike ọ́ìlì bíréèkì wò. Bàámi, ní gáréèjì yín lẹ ti kọ́ mi pé a kì í dá ẹjọ́ iná pupa láìfojú rí ọ́ìlì. Mo mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́nà Vittin, òjò ń rọ̀, pupa tún tàn. Hájíà rántí pé mo ní omi lásán ni, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Nígbà tó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ ráúráú. Ó yà fún alùpùpù kan, ó já sí gọ́tà. Apá ọ̀tún rẹ̀ kán.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà wá bá mi. Ike ọ́ìlì ti gbẹ. Ìdí táyà ẹ̀yìn ni ọ́ìlì ti ń jò, òjò sì ń fọ ipa ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù nínú ike ló ń mì lójú ọ̀nà gbágungbàgun tí iná fi ń tàn. Ilẹ̀ títẹ́jú ló pa iná náà. Oòrùn ò ṣe nǹkan kan.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ọkọ rẹ̀ ní kádàrà ni, òjò ni. Nígbà tí mo lọ kí Hájíà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ mí, pé kí n má bínú, òun ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo kí i pẹ̀lẹ́, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tó wà lórí pẹpẹ mi ni mo ti tú láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó gbà mí sílẹ̀. Bí mo bá sọ òtítọ́, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún àlejò? Bí n kò bá sì sọ ọ́, ojú wo ni n ó fi wo apá yẹn?

Tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, n ó lọ sí Changli. N ó sọ fún òun àti ọkọ rẹ̀ pé èmi ni, òjò kọ́. N kò mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ẹ fi àdúrà tì mí lẹ́yìn. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Ìyá mi kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, kí ẹ sì ní kí Bùròdá ṣí ike ọ́ìlì ọkọ̀ wọn wò lónìí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́, òjò ṣì ń kán. Mo ti pa fìtílà.

Ọmọ yín,
Àlàbí