Iwájú Ilé Ta Ni?

Ìgándò, Èkó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Báyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tiwa náà le. Orúnkún Màámi nìkan ni kò gbọ́ràn.

Mo ti ka ìwé ìtàn tí o fẹ́ fún àwọn òǹtẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì. Èdè rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n orí ìkẹyìn ń kọ mí lóminú. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà gba inú ilé ìyá arúgbó yẹn kọjá, o ní ó bọ́ síta, ó ń jó, ó ń ké pé, “Ojú wa ti là!”

Mo ń fura sí ijó yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwa méjèèjì fi kọ́mọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹni tó lajú ní í borí. Arúgbó tó bá janpata, yálà kó kú tàbí kó túúbá. Ta ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń la igi ni a fi ń la ọ̀nà, òun náà la fi ń la ojú. Ohun tí a bá sì là, ó ti pín sí méjì nìyẹn.

O yí orúkọ padà, àmọ́ Màámi ni ìyá yẹn. Ìwọ náà wà ní Ìkọ̀tún lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì ilé wíwó sára ògiri ilé rẹ̀. Ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání ní, “Ìyá, ẹ má bínú, ìlọsíwájú ni.” Màámi ní, “Iwájú ilé ta ni ẹ ń lọ? Èyí tí ẹ dúró sí yìí, iwájú ilé tèmi ni o!” O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Kí ló dé tí gbólóhùn yẹn kò sí nínú ìwé? O ní àwọn òǹtẹ̀wé sọ pé ilé ìwé kì í ra ìtàn tí kò bá parí sí ìlọsíwájú. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bu ẹ̀wà fún ọ jẹ ní gbogbo ọdún tí a fi ṣe Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé ó yẹ kí o sọ ọ́ di oníjó?

Mo ka orí náà sí i létí lánàá. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ìyá yẹn mà le o! Ọmọ ibo ni?” Kò dá ara rẹ̀ mọ̀. N kò sì lè sọ fún un.

Jọ̀wọ́, dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà fún un kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kálàmù rẹ gbẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ó purọ́ mọ́ ẹni tó fẹ́ràn wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan,
Hàrúnà

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa, Màámi pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ fún un ní pálọ̀ wa. Ó ní òun ṣì ń ro ti ìyá inú ìwé yẹn: “Nígbà tó jó tán, níbo ló sùn?”