Màmá Mojírádé Bámijókò (1949–2025): Ẹni Tí Í Béèrè Kó Tó Ṣoore

Ní oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí Màmá Mojírádé Bámijókò ní Ìmẹ̀sí-Lasigidi, sí ilé Bàbá Fámúyìwá, àgbẹ̀ kòkó, àti Yéwándé aya wọn. Màmá ni ọmọ kẹta nínú márùn-ún.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé kíláàsì kẹta. Lọ́dún tí kòkó so púpọ̀, bàbá wọn ní kí wọ́n wá máa fọ́ kòkó lóko, wọn kò sì padà mọ́. Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà parí, nígbà tí wọ́n ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin.

Ní ọdún 1970, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Kúnlé Bámijókò ti Òde-Èkìtì, tí wọ́n ṣáájú wọn lọ ní 2011. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni tọkọtaya náà ń gbìn. Ọwọ́ Màmá kì í dilẹ̀. Bí ẹ bá bá wọn ní ìjókòó, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó.

Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ ìwàásù lórí ìṣoore, tí í ṣe ọ̀kan nínú èso Ẹ̀mí, ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Nígbà náà, gbogbo àgbẹ̀ ló ń fi ààlè sórí òkìtì iṣu tí wọ́n bá kó jọ sóko: ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, tí ń gégùn-ún fún ẹni tó bá mú níbẹ̀. Màmá ní báwo ni òun yóò ṣe gbàdúrà fún ẹni tí ebi ń pa láàárọ̀, kí òun sì fi èpè dè é lóko lọ́sàn-án. Wọ́n yọ ti wọn. Iṣu mẹ́ta péré ló lọ, wọn kò sì bínú.

Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ wọ́. Màmá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Bàbá Adéyínká, àbúrò ọkọ wọn. Wọ́n rí ààlè lórí òkìtì èbù tí Bàbá Adéyínká tọ́jú láti gbìn, wọ́n sì yọ ọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé oore ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnìkan ti kó gbogbo èbù náà lọ. A kò mọ ẹni náà di òní. Bàbá Adéyínká kò rí iṣu gbìn lọ́dún náà. Oko olóko ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ ń ro kí aya àti ọmọ wọn tó jẹun.

Màmá fúnra wọn ló lọ jẹ́wọ́. Wọ́n ru ìdajì èbù tiwọn lọ, Bàbá Adéyínká kò gbà á. Wọ́n ní kí Màmá lọ gbé e fún àwọn tí ebi ń pa, nítorí àwọn ni Màmá fẹ́ràn ju ọmọ ìyá ọkọ wọn lọ.

Láti ìgbà náà, Màmá kì í ṣoore fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí wọ́n di adarí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ní 2003, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ lọ kí aláìsàn láìránṣẹ́ bi í bóyá ó fẹ́ àlejò. Àwọn kan kùn pé ó ń pẹ́ jù. Bàrákàt, aládùúgbò wa tí í ṣe Mùsùlùmí, sọ fún wa pé lọ́dún tí òun bí ìbejì, ojoojúmọ́ ni Màmá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè bóyá òun fẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ ọmọ. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yéé béèrè, kí wọ́n kàn máa wọlé. Wọ́n tún béèrè lọ́jọ́ kejì. Olúfúnkẹ́ ọmọ wọn a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé Màmá yóò bi adìẹ léèrè bóyá ó fẹ́ jẹ àgbàdo.

Bàbá Adéyínká padà ń kí Màmá, wọ́n sì jọ ń jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, kò sẹ́ni tó dárúkọ èbù yẹn nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé ẹni rere ni wọ́n, àfi bí Bàbá Adéyínká bá fọwọ́ sí i. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ìyẹn da ara wọn láàmú. Wọ́n wò wá.

"Oore tí mo fi iṣu oníṣu ṣe, ta ló ṣe é?"



Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́rin: Gbọ́láhàn, Olúfúnkẹ́, Motúnráyọ̀ àti Olúwaṣọlá, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, tí Fìyìnfólúwa àti Mọ́fẹ́yìsára wà nínú wọn, àti Bàbá Adéyínká.

Lọ́jọ́ kẹta, a tọ Bàbá Adéyínká lọ, a sì jẹ́ iṣẹ́ tí Màmá fi sílẹ̀. Wọ́n jáde lọ wo ewúrẹ́ wọn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé egbò àtijọ́ ni a lọ fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn kò jókòó.

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹni rere ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ti uṣu mi náà sí i."

A ti kọ méjèèjì.

Màmá Mojírádé, ẹni rere, kí Olúwa tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún yín. Ẹ sùn re o.