Ìwé Òrìṣà Inú Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùnní,

Ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bọ̀dá Ẹkúndayọ̀ tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní bárékè ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san. Ìyàwó wọn ka ìwé yín tán. Láti ìgbà náà, ìta ni kọ̀ǹpútà mi ń sùn, kí fáírọ́ọ̀sì má baà gbé òrìṣà àwọn ará Maya àtijọ́ inú ìwé náà wọlé.

Dúrótoyè, ọmọ kíláàsì mi, rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Haba! Òrìṣà tó fẹ́ pa ayé run, wọ́n kàn yọ wáyà iná, ó kú? Ní Maiduguri níbí tí wọ́n ń mú iná lọ ṣáá, kò lè dé ojú ìwé kejì!"

Mo bá a jà nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá títí a fi dé àdúgbò Custom. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ìparí ìwé náà kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ torí ìwé kíkọ bí ẹ ṣe wí.

Ọlọ́run á fún yín ní ìlera. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí i ránṣẹ́. Dúrótoyè kò dá tèmi padà; ó ní òun ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àbúrò yín,
Oyèbámijí