Ẹ̀ṣẹ́ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Àdàbà

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Àdàbà pè. Ọjọ́ Ajé nìkan ni míṣọ́n gbà fún un láti pe ilé, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sunkún. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ogún ọdún, odidi míṣọ́nnárì, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Àárò ilé ń sọ ọ́. Ó ní òun ò rí oorun sùn, pé ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá òun lòun ń fẹ́ gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa bọ̀.

Ìyá ẹ̀ gba fóònù, ó gbàdúrà fún un. Èmi ò mọ àdúrà gbà bíi tìyá ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo mọ̀. Mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìjà ẹ̀ṣẹ́ láti ìgbà tí tèmi ṣì ń rákòrò. Nígbà tó wà ní kékeré, mo wọ ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́ — ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mo ní kó lù. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Àdàbà.

Mo ní kó fara dà á. Mo ní ọkùnrin kì í sá lójú ìjà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ bó ṣe ń rí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Ní jíìmù, nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, Búlọ́ọ̀kù gbá Kúkúrú lẹ́nu, eyín kan fò jáde. A wá a lábẹ́ àga títí, a ò rí i. Ọjọ́ òní dáa.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti lu ọmọ mi.

Mẹkáníìkì kan ló wà ní òpópónà tí wọ́n ti ń wàásù. Ó ti ń bú wọn tipẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú lé wọn lórí, Àdàbà àti Tínínrín, ọmọ tí míṣọ́n fi ṣe ẹnì kejì ẹ̀. Tínínrín sá. Àdàbà dúró, ó ń bá ìwàásù lọ. Mẹkáníìkì fi sípánà gbá a létí, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Àdàbà ní òun tọ̀ sára níwájú gbogbo àdúgbò. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí ìyá ẹ̀ má baà gbọ́.

Mi ò sọ fún ìyá ẹ̀. Mo lọ sí jíìmù, mo lu àpò iyanrìn láìwọ ìbọ̀wọ́ títí awọ ọwọ́ mi fi bó. Búlọ́ọ̀kù ní, "Kóòṣì, ó ti tó." Mo lu òun náà. Ẹ̀jẹ̀ imú ẹ̀ ta sí mi láṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà — ṣùgbọ́n ní ojú ẹsẹ̀ yẹn, ara tù mí.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó pè mí. Kì í ṣe ọjọ́ ìpè. Kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀, kì í ṣe òfin míṣọ́n ló bá mi bí ọmọ.

Ó fi fídíò pè mí, ó ti ara ẹ̀ mọ́ inú balùwẹ̀, ó gbé fóònù sórí ìdérí garawa, ó dúró níwájú dígí. Èmi náà dúró níwájú tèmi. Ẹsẹ̀ òsì síwájú. Àgbọ̀n nílẹ̀. Ọwọ́ òsì á lọ, á padà kíá. Ọwọ́ ọ̀tún á dúró, á máa ṣọ́ àyè.

Ó ní, "Bàbá, ajíhìnrere ni mí o." Mo ní Ọlọ́run tó dá ẹnu ló dá ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ìyá ẹ̀ bi mí pé kí ni mo ń bá jà nínú yàrá. Mo ní ẹ̀fọn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Mẹkáníìkì tún dìde sí wọn. Òsì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan — imú Mẹkáníìkì kán. Àdàbà ò sunkún. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí fóònù. "Bàbá, ó ṣubú gbìì. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣe é."

Mo jó kiri yàrá, èmi arúgbó onírùngbọ̀n funfun. Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ni lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta

Kò pè. Ìyá ẹ̀ ní iṣẹ́ Olúwa ni kò jẹ́ kó ráyè.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Tínínrín ló pè. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń dá jáde nírọ̀lẹ́."

Ó ní Mẹkáníìkì ti dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn. Ó tiẹ̀ wá tuuba, ó gbé imú tó wú wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àdàbà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó wá lù ú. Ó lù ú lórí ìkúnlẹ̀. Ó lù ú bó ṣe ń pariwo pé ó tó. Ojú òsì ẹ̀ ò tíì là títí di òní. Tínínrín fà á láṣọ, òun náà jẹ nínú ẹ̀, egungun ìhà ẹ̀ kan ti sán. Kò tíì sọ fún alàgbà míṣọ́n, ẹ̀rù ń bà á.

Ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí ọmọ mi ti kọ́ irú ẹ̀. Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè. Ẹyin lohùn, èyí tí mo sọ ti balẹ̀.

Ní jíìmù, Búlọ́ọ̀kù gbá Kúkúrú dákú. Mo kígbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má dáwọ́ dúró, Kóòṣì."

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

Ìyá ẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti dẹ́kun ẹkún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹta

Ó pè. Ohùn ẹ̀ balẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn dáadáa. Mo bi í nípa Mẹkáníìkì. Ó ní ìyẹn ti parí, àbúrò ọkùnrin náà ló kù, tó ní òun máa gbẹ̀san. Àdàbà ti mọ ọ̀nà tí àbúrò náà máa ń gbà lọ sílé.

Ó wá béèrè, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń béèrè nǹkan nígbà tó wà lọ́mọdé: "Bàbá, ibo lèèyàn máa gbá ẹnì kan tí kò fi ní lè dìde mọ́?"

Mo mọ ibẹ̀. Wọ́n gbá ọmọ kan níbẹ̀ lójú mi rí, èmi ni mo sì bá wọn gbé òkú ọmọ náà lọ fún ìyá ẹ̀. Mo ní kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa bọ̀ nílé lónìí. Mo ní màá wá pàdé ẹ̀ lọ́nà. Mo ní mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò bẹ ọmọ mi rí.

Mo ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ lára ògiri — pó, pó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé kẹ̀? Bàbá, àárò ilé ò sọ mí mọ́."

Ìyá ẹ̀ ti wọlé. Gbólóhùn yẹn nìkan ló gbọ́ nínú fóònù. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń fà mí lọ́wọ́ kí n wá kúnlẹ̀ ti òun.