Ìwọ̀ Àyìndé Tó Wà Lẹ́nu Ẹja

Agbo-ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Ẹja Ńlá,
Adágún Apákọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ ÌWỌ̀ ÀBÚRÒ MI LẸ́NU ẸJA KÁPÙ TÓ WÀ LỌ́DỌ̀ YÍN

Èmi ni Dorcas Ògúndìran, aránṣọ. Àyìndé, tó wọ Adágún Apákọ̀ lọ́dún tó kọjá tí kò jáde mọ́, ni àbúrò tó tẹ̀lé mi.

Ọdún mẹ́ta ló fi lé ẹja yìí. Ó fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò mú kápù, ẹja onípẹ́ ńlá nì, tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n ní agbègbè wa. Ó pa iṣẹ́ bíríkìlà tì, ó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹni tí nǹkan ń pè. Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ tí ẹja náà gbé ìwọ̀ rẹ̀, ó wé okùn mọ́ ọwọ́. Mashood, apẹja láti Sábó, pariwo pé kó jù ú sílẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀, ẹja náà sì fà á wọ inú omi lọ. Àwọn òmùwẹ̀ wá òkú rẹ̀ títí, wọn kò rí i.

Lóṣù tó kọjá, Mashood kan náà ló mú ẹja náà níbi ìdíje yín, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Mo bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí ẹ gbé jáde, mo rí ìwọ̀ mìíràn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà. Bàbá wa tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ọrùn rẹ̀ lọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹlòmíràn tó ń rọ ìwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín. Akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, ní ẹ fẹ́ gbé ẹja náà kúrò nínú fìrísà sínú àpótí gíláàsì, àti pé ìwọ̀ yẹn ni àwọn àlejò yóò fi mọ̀ pé ẹja tó pa èèyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mashood fúnra rẹ̀ ti gbà kí ẹ yọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀yin ọ̀gá, nílé tiwa, bí a kò bá rí òkú, ohun tí ẹni náà fọwọ́ kàn kẹ́yìn la máa ń sin. Ìyá wa kò ní í débẹ̀, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ṣùgbọ́n títí a ó fi sin nǹkan kan, ó ní Àyìndé ṣì wà lójú ọ̀nà, ó sì kọ̀ kí a ti ilẹ̀kùn iwájú. Aládùúrà ni mí, n kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Síbẹ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo máa ń jí bá ipa ẹsẹ̀ tútù láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹní Àyìndé. Ẹrẹ̀ dúdú ni, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ pupa ni tàdúgbò wa. Èmi ni mò ń nù ún kí ìyá wa tó jí.

Ẹ tọ́jú ẹja yín. Ẹ kọ orúkọ Mashood sí i, ẹ fi han gbogbo ayé. Yíyọ ìwọ̀ yẹn kò ní í dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ fún mi. Akọ̀wé yín pe Àyìndé ní olóògbé; àwa kò tíì lè pè é bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tó ń retí èsì,

Dorcas Ògúndìran
Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Àyìndé